Ṣéènì tí mo yá ti sọnù, mo sì ti purọ́

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì níbí ní Kétu ló ń sọ ìtàn tí wọ́n kà ní kíláàsì fún mi, La Parure ti Maupassant, òǹkọ̀wé Faransé, nípa obìnrin kan tó yá ẹ̀gbà ọrùn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó sì sọnù, mo ń rẹ́rìn-ín o, àfi bí ẹ̀rín ṣe gbẹ lẹ́nu mi. Oṣù tó kọjá mo yá ṣéènì wúrà ọ̀rẹ́ mi lọ síbi ìgbéyàwó l'Ájàṣẹ́, ìgbà tí mo máa fi sọ̀ lórí zemidjan (ọ̀kadà) ní Ouando, ọrùn mi ti ṣófo. Mo sọ fún un pé ìkọ́ ẹ̀ ló já, pé ó wà lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà. Ṣé kí n jẹ́wọ́ ni àbí kí n wówó ra irú ẹ̀? Ẹ mọ ẹnu àwọn ará ibí. (Ìyá Ìbejì, Kétu)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ọmọ yín sọ ibi lẹ́tà yẹn fún yín ṣá? Torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, kì í ṣe ibi tí ṣéènì ti sọnù. Ọkọ Mathilde, obìnrin inú ìtàn yẹn, ló ní kó kọ̀wé sí Madame Forestier, ọ̀rẹ́ tó yá a ní ẹ̀gbà ọrùn, pé ìkọ́ ló kán, pé àwọn ń tún un ṣe, ohun tẹ́yin náà sọ gẹ́lẹ́! Látìgbà yẹn, ẹnu wọn ò gbà á mọ́ láti béèrè pé eélòó ni wọ́n rà á. Wọ́n ra òmíì ní 36,000 fáráǹkì, 18,000 tí bàbá ọkọ fi sílẹ̀ wọ̀ ọ́, wọ́n yá ìyókù, wọ́n dá ọmọ ọ̀dọ̀ dúró, obìnrin tó fẹ́ràn fújà wá ń pọn omi gun àtẹ̀gùn láràárọ̀. Ọdún 10 gbáko. Ìgbà tó wá jẹ́wọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ayédèrú ni èyí tó yá, kò ju 500 fáráǹkì lọ.

1884 ni ìtàn yẹn jáde ní Paris o. Ibi tó máa ń dùn mí jù ni pé ọjọ́ tí wọ́n dá a padà, Forestier ò tiẹ̀ ṣí páálí ẹ̀ wò.

A máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín, àmọ́ ẹ̀sín wo ló wà nínú kí nǹkan sọnù? Irọ́ alágbẹ̀dẹ yẹn lẹ̀sín, torí alágbẹ̀dẹ wúrà mélòó ló wà ní Kétu tí ọ̀rẹ́ yín ò lè bi?

Ẹ má fóònù. Ẹ lọ bá a nílé láàárọ̀ kó tó lọ sọ́jà, ẹ sọ pé ó sọnù, ẹ sọ pé ẹ purọ́, kí ẹ wá bi í pé eélòó ló rà á. Ẹ má tíì fọwọ́ kan owó èésú.