Kọfí lé oorun lọ

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, èmi àti ọ̀rẹ́ mi jáde ní Sátidé, a ní ká tọ́ kọfí wò káàkiri Ìbàdàn. Ọ̀dọ̀ Màlámù onítíì ní Sábó la ti bẹ̀rẹ̀, a wá dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ní Bódìjà, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la mu èyí tó kẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi sùn fọnfọn, èmi ò rí oorun sùn mọ́jú. Àbí wọ́n fi nǹkan sí i ni?

Ìdáhùn: Ó tì o, káfíìnì inú ẹ̀ ni, èròjà inú kọfí tó máa ń lé oorun lọ. Aago mẹ́fà kẹ̀! Ó máa ń tó bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì ẹ̀ tó kúrò lára, tẹlòmíì sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni ọ̀rẹ́ ẹ ṣe rí oorun sùn tíwọ ń ka àjà. Àgbàlagbà tára ẹ̀ le lè mu tó 400 mílígíráàmù káfíìnì lójúmọ́, bíi kọ́ọ̀bù kọfí mẹ́rin, àmọ́ aláboyún ò gbọdọ̀ mu tó yẹn. Lọ́jọ́ míì ẹ pín kọ́ọ̀bù kan mu ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, kẹ́ẹ sì fi ti Màlámù ṣe ti àárọ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹyin (èmi ò tiẹ̀ lè fi tiẹ̀ wé ti Bódìjà olówó gọbọi yẹn), tó bá ti di aago méjì ọ̀sán, ẹ yáa mu omi.