Ẹ Bi Wá: Agbo Ìkọ́mọ Nílé, Pẹ̀lú Yàrá Iṣẹ́ fún Òbí

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ yìí ju èyí tí ojú ewé kan lè gbà lọ. Ohun tí wọ́n ń béèrè nípa rẹ̀ ni ètò tí ìdílé mélòó kan fi ń parapọ̀ kọ́ àwọn ọmọ wọn tó ṣì wà ní ọjọ́ orí jẹ́léósinmi, ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, nínú ilé kan náà tí àwọn òbí ti ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn ní yàrá kejì. Àwọn kan ń pè é ní pọ́ọ̀dù. Agbo la ó máa pè é níbí, ọjọ́ tí ìtọ́jú àwọn ọmọ bá sì kan òbí la ó máa pè ní ọjọ́ àáró, torí àáró gan-an ni. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun: láti 1941 tí Playcentre àkọ́kọ́, ilé eré ọmọdé tí àwọn òbí fúnra wọn ń darí, ti ṣí ní Wellington, ní New Zealand, ni àwọn òbí ibẹ̀ ti ń gbà á ṣe láàárín ara wọn. Yàrá iṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni tuntun, ibẹ̀ náà sì ni ìyọnu ti ń wá.

Ìdílé márùn-ún ni wá, ọmọ kọ̀ọ̀kan. Òbí kan ń dúró ti àwọn ọmọ lójúmọ́ kí àwọn mẹ́rin yòókù lè ṣiṣẹ́. Kí ló dé tí gbogbo rẹ̀ fi dàrú ní ọ̀sẹ̀ kejì? — Ìyá Ọlọ́mọ Kan

Ìṣirò yín pé lórí ìwé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni ẹ gbàgbé. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó bá ní òun fẹ́ tọ̀ kò ní dúró kí ẹnikẹ́ni ronú. Àgbàlagbà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ yóò mú un lọ, ọmọ mẹ́rin yóò ṣẹ́kù pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì àti àga tó ṣeé gùn. Bí kò bá fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀, yóò kan ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ kí ẹnì kan wá ràn án lọ́wọ́. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sí ẹni tó ṣiṣẹ́ gidi nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àgbàlagbà méjì ló yẹ kó wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ tún un ṣírò: ènìyàn méjì lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, àáró mẹ́wàá. Ẹ pín in fún ìdílé márùn-ún, ó di ọjọ́ méjì fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́ta ló kù fún iṣẹ́. Bí agbo bá ń ṣí láago mẹ́sàn-án tó ń parí láago méjìlá, wákàtí mẹ́sàn-án péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní lọ́sẹ̀, kì í ṣe méjìlá tí ẹ fi sọ́kàn. Bí ẹ bá gba olùkọ́ kan, tí òbí kan ń bá a dúró lójoojúmọ́, ọjọ́ kan ni yóò kan ìdílé kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjìlá yẹn á sì padà. Ìdílé tó bá rò pé olùkọ́ tí ẹ gbà ti bọ́ àáró kúrò lọ́rùn òun pátápátá, ẹ tètè là á yé e.

Àwọn kan á sọ pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí òṣìṣẹ́ kan bójú tó ọmọ mẹ́jọ tó ti pé ọdún mẹ́ta. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé ìtọ́jú ọmọ tó ní òṣìṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ ni òfin náà ń bá wí, kì í ṣe òbí tó ní ìpàdé láago mọ́kànlá.

Ohun kejì tó ń da agbo rú ni láptọ́ọ̀pù. Ẹni tí àáró kàn kò gbọ́dọ̀ gbé e wọ yàrá àwọn ọmọ rárá, kódà kó wà ní pípadé lórí sẹ́ẹ̀fù. “Ẹ jẹ́ n fèsì ẹyọ kan” ni gbogbo rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ojú tó wà lára iṣẹ́ kò sí lára ọmọ, ọmọ náà sì mọ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀kan nínú wọn máa ń da omi nù kí ẹ lè wo òun. Òdìkejì rẹ̀ náà ṣe kókó: ẹni tó wà nínú yàrá iṣẹ́ kì í jáde wá parí ìjà, àfi bí wọ́n bá pè é. Bí àwọn ọmọ bá ti mọ̀ pé adájọ́ mìíràn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹjọ́ kì í tán lọ́dọ̀ ẹni tó wà níwájú wọn.

Ẹ yan arọ́pò fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò ní ìpàdé kankan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láìsí arọ́pò, ibà tó gbé ẹnì kan dè ní ìdájí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìdílé márùn-ún. Ẹ so ìwé kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí ẹ máa kọ ọ́ síbẹ̀: ta ló dúró fún ta, lọ́jọ́ wo, ọjọ́ wo ni ẹni náà yóò san án padà. Ẹ má jẹ́ kó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Àáró tí a kò kọ sílẹ̀ ló máa ń mú kí àwọn òbí yan ara wọn lódì.

Yàrá tí a rí fún àwọn ọmọ jẹ́ mítà mẹ́rin ní gígùn, mẹ́ta ní fífẹ̀. Ọmọ mélòó ló gbà? — Bàbá Oníṣirò

Mítà 12 níbùú lóròó nìyẹn. Ẹ yọ ibi tí sẹ́ẹ̀fù àti kọ́bọ́ọ̀dù jókòó sí, àti ibi tí ilẹ̀kùn ń gbà ṣí. Ká ní ó jẹ́ 2.5, ó ku 9.5. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè 2.3 fún ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọmọ mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń béèrè ẹsẹ̀ bàtà 35 níbùú lóròó, tó tó mítà 3.25: ọmọ méjì, díẹ̀ ló kù kó gba ìkẹta. Bí àwọn ọmọ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pààrọ̀ yàrá. Kí àwọn ọmọ gba èyí tó tóbi, kí àwọn òbí gba kékeré, torí ẹni tó jókòó ti tábìlì kì í sáré kiri. Òdìkejì ni ọ̀pọ̀ ń ṣe, nítorí tábìlì ni wọ́n kọ́kọ́ rà.

A ti ta aṣọ ìkélé tó nípọn sí ara ògiri tó wà láàárín yàrá méjèèjì, síbẹ̀ àwọn tí à ń bá ṣèpàdé ń gbọ́ igbe ọmọ. — Etí Ti Di

Aṣọ ìkélé ń dín gbohùngbohùn kù nínú yàrá tó wà ni. Kì í dá ariwo tó ń kọjá sí yàrá kejì dúró. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá gbà ni ohùn ń gbà. Ẹ dán èyí wò lálẹ́: ẹ pa iná yàrá iṣẹ́, ẹ tan ti yàrá àwọn ọmọ, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo etí rẹ̀ yíká. Gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ ni ariwo ń gbà wọlé. Abẹ́ ilẹ̀kùn ló sábà máa ń burú jù, àlàfo tó fẹ̀ bí ìka kan lè sọ gbogbo owó tí ẹ ná sórí ògiri di òfò.

Ẹ lẹ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ férémù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti òkè, kí ẹ kan rọ́bà tó ń gbá ilẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka kan ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Bó bá dún bí ìlù, inú rẹ̀ ṣófo. Pákó tó ki ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Sẹ́ẹ̀fù tó kún fún ìwé lára ògiri náà ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi irin àti ìdè dì í mọ́ ògiri, nítorí ọmọ ọdún mẹ́rin yóò gùn ún bí àkàsọ̀. Ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì síbi tí wọ́n ti ń fi búlọ́ọ̀kù onípákó ṣeré. Ariwo tó ń ta sínú ìpàdé jù kì í ṣe igbe, ilé tí wọ́n kọ́ tó wó ni.

Lójú tiwa, àtúnṣe tó dára jù kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ mú àsìkò tí àwọn ọmọ ń ṣeré níta, ká ní aago mẹ́wàá sí mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùnlélógójì, kí ẹ kó ìpàdé tó ṣe pàtàkì síbẹ̀. Íápíìsì tí máìkì rẹ̀ sún mọ́ ẹnu dára ju ti láptọ́ọ̀pù lọ, nítorí ti láptọ́ọ̀pù ń gbọ́ gbogbo yàrá. Bí ẹ bá sì ti dí gbogbo ihò tán, ẹ ra aago ẹnu ọ̀nà tí kò nílò wáyà. Kí bọ́tìnì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tí àáró kàn, níbi tí ọwọ́ ọmọ kò tó, kí aago wà ní yàrá iṣẹ́. Ilé tí ariwo kò lè jáde nínú rẹ̀, igbe ìrànlọ́wọ́ náà kò ní jáde.

Dígí wà lára ilẹ̀kùn wa. Ọmọ mi ọdún mẹ́ta á dúró níbẹ̀, á máa wò mí, á máa sunkún. Ṣé kí n máa yọ́ kúrò nígbà tí kò bá rí mi ni? — Ìyá Tó Ń Ṣàánú

Ẹ má yọ́ kúrò o. Ọmọ tí wọ́n yọ́ fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní jẹ́ kí ẹ̀yìn yín kúrò lójú rẹ̀ mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ yanjú dígí náà. Ẹ lẹ ìwé tí kò ṣeé wo àwòkọjá mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀ títí dé 120 cm. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kò ga ju 95 sí 115 cm lọ, ojú wọn kò ní dé òkè rẹ̀, tiyín tí ẹ dúró yóò dé. Ẹ kó àga kúrò nítòsí rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ìwé tó ń dán bíi dígí ìwojú tí wọ́n ń pè ní arí-ẹ̀gbẹ́-kan: apá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù ni kì í rí òdìkejì. Lọ́jọ́ tí òjò ṣú, tí ẹ tan iná sórí tábìlì yín, àwọn ọmọ ni yóò máa rí yín.

Lẹ́yìn náà ni ìdágbére. Ibi kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà lójoojúmọ́, kó má pé ìṣẹ́jú kan. Ẹ má sọ pé aago méjìlá ni ẹ ó dé, ọmọ náà kò mọ aago. Ẹ ní, “Bí ẹ bá ti ka ìwé tán, mo ti dé,” kí ẹ sì dé nígbà náà. Ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì, ẹ jókòó ti ògiri nínú yàrá wọn fún wákàtí kan láìdarí eré kankan. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ dágbére, ẹ jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ padà. Lọ́jọ́ kẹrin, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọ̀sẹ̀ kejì ni kí ẹ tó lo àárọ̀ odindi.

Ohun tó ń ba èyí jẹ́ jù ni òbí tó jáde wá bu omi, tó kọjá níwájú àwọn ọmọ, tó juwọ́. Ẹkún tó ti rọlẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ gbé omi wọlé láàárọ̀, kí ẹ máa jáde nígbà tí wọ́n bá wà níta. Lọ́jọ́ tí àáró bá sì kàn yín, ọmọ yín á lẹ̀ mọ́ yín ju ti ẹlòmíràn lọ, á tún máa ṣe ìlara. Kò sí àìsàn níbẹ̀. Kí àgbàlagbà kejì máa mú tiyín, kí ẹ̀yin mú àwọn yòókù.

Olùkọ́ tí a gbà ń fẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó fún wákàtí kan láti kọ A B D. — Ẹni Tí Ó Ń Ṣiyèméjì

Iyèméjì yín tọ̀nà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó fún ìjókòó pọ̀: orin kan, ìwé kan, ọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọn ó ṣe. Eré tí wọ́n yàn fúnra wọn ló yẹ kó gba àkókò jù, ìṣẹ́jú márùnlélógójì sí wákàtí kan láìdá a dúró, torí ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pinnu ta ni yóò jẹ́ dókítà. Ọwọ́ tí yóò di kálámù mú, ẹ fún un ní ìyẹ̀fun pípò, ìwé yíya àti ìlẹ̀kẹ̀ ńlá. Ẹ ra méjì-méjì nínú ohun tí wọ́n ń jà sí; méjì irú kan náà sàn ju oríṣi mẹ́wàá lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé kí ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin máa fi ìṣẹ́jú 180 ó kéré tán rìn, sáré àti fò lójúmọ́, kí 60 nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tó mú wọn mí hẹlẹ, kí ìjókòó ti fídíò má sì ju wákàtí kan lọ. Ẹni tó bá fi tábúlẹ́ẹ̀tì pa wọ́n lẹ́nu mọ́ nítorí ìpàdé ti ná wákàtí ilé wọn tán. Bí àbúrò tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta bá ń wọ yàrá náà, ohunkóhun tó bá wọ inú róòlù ìwé ìnùdí kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnì tilẹ̀ burú jù: bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Ohun ìṣeré tí ilé bátìrì rẹ̀ kò ní sìkúrù, ẹ dá a padà.

Íntánẹ́ẹ̀tì 100 Mbps la ń san owó rẹ̀, síbẹ̀ fídíò ń dúró gbagidi. — Ọ̀gá Ìpàdé

Mbps ni ìwọ̀n ìyára íntánẹ́ẹ̀tì, iye tó ń wọlé sì ni 100 yẹn. Ẹ béèrè iye tó ń jáde, ó sábà máa ń kéré púpọ̀ sí i. Ìpè fídíò kan tó mọ́ kedere ń jẹ tó 3 sí 4 Mbps ní jíjáde. Òbí mẹ́ta, ó ti ń lọ sí 12. Ẹ wo àwọn fóònù tó ń fi fọ́tò pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra wọn, kí ẹ dá wọn dúró di ọ̀sán. Kí ẹni tí ìpàdé rẹ̀ le jù fi wáyà so mọ́ ráútà.

Ẹnì kan ò mú ọmọ rẹ̀ wá fún oṣù kan, ó ní òun ò sanwó. Ẹlòmíràn ń mú ọmọ tó ń hukọ́ wá. Ṣé a ti pẹ́ jù láti ṣe òfin? — Akọ̀wé Agbo

Ẹ kò pẹ́. Àyè ni ìdílé ń san owó fún, kì í ṣe ọjọ́ tí ọmọ wá, nítorí owó yàrá àti olùkọ́ kò dín. Kí ẹni tó fẹ́ kúrò sọ ọ́ ní oṣù kan ṣáájú, kí owó oṣù kan sì wà nípamọ́ nínú àpò agbo láti ọjọ́ kìíní.

Òfin ìjọba ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ó yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹ bi ilé iṣẹ́ tó ń mójú tó ìtọ́jú ọmọ pé ọmọ ẹlòmíràn mélòó ló lè wà nínú ilé kó tó gba ìwé àṣẹ, bóyá owó tí ẹ ń san ń yí i padà, àti bóyá ti pé àwọn òbí wà nínú ilé ń yí i padà. Ẹ bi onílé. Ẹ bi ilé iṣẹ́ ìbánigbófò, torí ìbánigbófò ilé gbígbé lè má bo ọmọ àlejò tó ṣubú. Ọmọ tó bá ti dé ọjọ́ orí tí òfin ti sọ ilé ìwé di dandan nílò ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ nílé tirẹ̀.

Ti àìsàn: ibà tó bá dé 38 lórí tẹmómítà, ilé. Ọmọ náà padà lẹ́yìn wákàtí 24 tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ láìlo oògùn. Èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru, wákàtí 48 lẹ́yìn tó bá dáwọ́ dúró. Ikọ́ lásán kò tó lé ọmọ sí, àmọ́ ikọ́ tí kò jẹ́ kó ṣeré tó. Ẹni tí àáró kàn ló ń dájọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe òbí ọmọ, torí òbí tó ní ìpàdé láago mẹ́wàá kì í rí ibà. Ẹ lẹ nọ́ńbà òbí méjèèjì ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ́ ògiri, nítorí ẹni tí ẹ ń wá lè wà ní yàrá kejì gan-an, kí íápíìsì ti dí i létí.