Frieren ni tèmi, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ

Àbúrò, o ní nínú àwọn ánímè, ìyẹn eré àwòrán àwọn ará Japan, tó jáde láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èwo ni kí o bá ìyàwó rẹ wò, ìyàwó tó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé eré ọmọdé ni gbogbo wọn. O tún ní ọmọ yín ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kì í jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó kọ́kọ́ dá ọ lóhùn dárúkọ Jujutsu Kaisen àti Demon Slayer. Ìjà inú méjèèjì dùn wò, mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo, Frieren ni màá mú.

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nínú ọ̀rọ̀ ánímè. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí a ń ra Naruto àti Bleach nínú àwo DVD lẹ́bàá títì, tí wọ́n máa ń rọ́ apá rẹpẹtẹ sínú àwo kan, tí yóò sì há nígbà tí ìjà bá dé góńgó. A ó fi aṣọ nu àwo, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, a ó tún un kì bọ̀ ọ́. Ohun tí ọdún wọ̀nyẹn fi yé mi ni pé eré tí kò ní nǹkan mìíràn lápò ju ìjà lọ, ìjà náà ni yóò máa fà gùn ṣáá. Ọ̀tá kan yóò kú, èyí tó lágbára jù ú lọ yóò yọjú, wọn ó tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tí mo tẹ̀lé pẹ́ jù nínú wọn, nígbà tó fi máa parí, mi ò rántí ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn mọ́.

Frieren gba ọ̀nà mìíràn. Nínú rẹ̀, ìjà ńlá ti parí kí o tó jókòó. Àwọn mẹ́rin ló lọ bá Ọba Ànjọ̀nnú: Himmel akọni, Heiter àlùfáà tó fẹ́ràn ọtí ju bó ṣe yẹ àlùfáà lọ, Eisen jagunjagun tó jẹ́ aràrá, àti Frieren onídán. Frieren kì í ṣe èèyàn bíi tiwa. Ẹ̀yà elf ni, etí wọn gùn ṣónṣó, wọn a sì lo ẹgbẹ̀rún ọdún láyé láìhu ewú. Ọdún 10 ni wọ́n fi rin ìrìn náà. Wọ́n ṣẹ́gun, wọ́n padà wọ olú ìlú, wọ́n gbà wọ́n tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Níbi tí eré mìíràn ti máa ń di ẹrù rẹ̀, ibẹ̀ ni eléyìí ti ṣíṣọ lójú eégún.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, àwọn ìràwọ̀ kan tí kì í yọ àfi lẹ́ẹ̀kan láàárín 50 ọdún ń já la ojú ọ̀run kọjá. Frieren ní òun mọ ibì kan tí wọ́n ti lè rí i dáadáa ju báyìí lọ, pé tó bá tún yí po, òun á mú wọn débẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí èmi àti ìwọ bá ń sọ pé ká pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó bá tirẹ̀ lọ, ó ń wá ìwé idán kiri. Ìgbà tó máa padà lẹ́yìn 50 ọdún, Himmel ti di bàbá arúgbó, orí rẹ̀ ti pá, ó ti kúrú, irùngbọ̀n funfun ti bo àyà rẹ̀. Gbogbo wọn jọ lọ wo ìràwọ̀ náà. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí Himmel kú.

Níbi ìsìnkú, àwọn èèyàn ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ẹ wo obìnrin yìí, kò tilẹ̀ jọ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ìgbà tí wọ́n ń bu erùpẹ̀ lé pósí ni ẹkún tó bú jáde lẹ́nu Frieren. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ọkùnrin náà, pé ọdún 10 péré ni òun fi bá a rìn. Òun mọ̀ pé ẹ̀mí èèyàn ò gùn, kí ló dé tí òun ò gbìyànjú láti mọ̀ ọ́n? Gbogbo èyí, inú apá kìíní ni.

Mo ti sin ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Lọ́jọ́ tí a sin ín, èmi ni mò ń ka àga, èmi ni mò ń bá àwọn alásè fa ọ̀rọ̀ ẹran, omi kan ò bọ́ lójú mi, àwọn ará ilé sì rò pé ọkàn mi le ni. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí n tó jókòó ti fóònù rẹ̀ láti nu ohun inú rẹ̀ kúrò, ká lè fún ọmọ rẹ̀. Mo wá nọ́ńbà mi níbẹ̀, mi ò rí i. Àṣé orúkọ tó fi ń ṣẹ̀fẹ̀ mi nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló fi tọ́jú rẹ̀, orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò pè mí mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo tó sunkún. Nítorí náà nígbà tí mo rí Frieren lẹ́bàá sàréè yẹn, mo mọ̀ pé ẹni tó kọ ìtàn yìí kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Àwọn tó ni ín ni Kanehito Yamada tó kọ ìtàn àti Tsukasa Abe tó ya àwòrán. Ọdún 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ mángà rẹ̀, ìyẹn ìtàn alá­wòrán inú ìwé, nínú ìwé ìròyìn Weekly Shōnen Sunday, ọdún kejì rẹ̀ ló gba àmì-ẹ̀yẹ Manga Taishō. Iléeṣẹ́ Madhouse ló sọ ọ́ di ánímè, Keiichirō Saitō ni olùdarí. Ọkùnrin yẹn kan náà ló darí Bocchi the Rock! ní 2022, ìtàn ọmọbìnrin onígìtá kan tí ojú máa ń tì pa. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ènìyàn dákẹ́ láìsọ ọ̀rọ̀, kí ìdákẹ́jẹ́ náà sì ní ìtumọ̀. Ní September 29, 2023 tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde lórí Nippon TV, tẹlifíṣọ̀n Japan kan, apá mẹ́rin àkọ́kọ́ ni wọ́n fi hàn léra wọn ní alẹ́ kan, bíi fíìmù wákàtí méjì. Bí ìwọ náà ṣe gbọ́dọ̀ wò ó nìyẹn. Ẹni tó bá wo apá kan, tó dúró, tó padà lọ́sẹ̀ kejì, yóò ní eré náà ń rìn jẹ́jẹ́ jù. Lẹ́yìn mẹ́rin yẹn, ẹ lè máa wo ẹyọ kan lálẹ́. Mo rọ̀ ọ́, má sáré jẹ ẹ́ tán. Apá 28 ni, ó parí ní March 2024.

Wàá rí i pé wọ́n máa ń kọ ọ́ sójú àwòrán pé ọdún báyìí lẹ́yìn ikú Himmel akọni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ilé wa ṣe ń ka ọjọ́: ọdún tí lágbájá kú ni wọ́n bí tèmẹ̀dù. Himmel ti kú, síbẹ̀ òun ló ni gbogbo eré náà. Bó bá kọjá ní ìlú kan láyé ọjọ́un, wọ́n á gbẹ́ ère rẹ̀, á sì dúró pẹ́ kí wọ́n lè gbẹ́ ẹ dáadáa, kó lẹ́wà. A rò pé afẹ́ ara rẹ̀ ló ń ṣe ni. Lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí Frieren mọ̀ pé nítorí Frieren fúnra rẹ̀ ni, kó má baà dá wà lọ́jọ́ iwájú nígbà tí àwọn yòókù ò bá sí mọ́.

Wo apá kejì dáadáa. Frieren àti Fern, ọmọ tó ń kọ́ níṣẹ́, dé abúlé kan tí ewéko ti bo ère Himmel. Ìyá àgbà kan bẹ Frieren pé kó bá àwọn tún un ṣe. Ó nu ère náà, ó wá rántí òdòdó búlúù kan tó ń hù nílùú Himmel, tí Himmel sọ pé òun á fi hàn án lọ́jọ́ kan, tí ọjọ́ náà ò sì dé. Ó ní òun á wá a gbìn síbẹ̀. Ó lè ní oṣù mẹ́fà tó fi ń wá òdòdó, Fern sì ń wò ó pé kí ló ń ṣe obìnrin yìí. Eku kan tó ń jí irúgbìn pamọ́ ló tọ̀ dé orí ilé gogoro tó ti di ahoro, ibẹ̀ ló ti bá òdòdó náà, ó kún ilẹ̀ bámúbámú. Kò sí ìjà kankan níbẹ̀, mi ò sì mọ ìjà tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ idà náà tún ń bẹ. Idà kan wà nínú àpáta tí wọ́n ní akọni gidi nìkan ló lè fà yọ. Aráyé rò pé Himmel fà á yọ. Irọ́ ni. Ó fà á, kò wá, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó ní bóun bá ṣáà ti ṣẹ́gun Ọba Ànjọ̀nnú, ta ni yóò tún béèrè idà lọ́wọ́ òun. Ó sì lọ ṣẹ́gun rẹ̀ lóòótọ́.

Má rò pé kò sí ìjà rárá o. Àwọn ànjọ̀nnú inú rẹ̀ ló burú jù nínú gbogbo èyí tí mo ti rí, nítorí pé wọ́n mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ìtàn kan wà nínú apá keje nípa ọmọ ànjọ̀nnú kan tí wọ́n fẹ́ pa, tó ké pe ìyá rẹ̀. Àánú ṣe àwọn ará abúlé, wọ́n dá a sí, baálẹ̀ gbà á sílé. Ó padà pa baálẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í pé ìyá wo ló ń pè nígbà tí irú wọn kì í ní ìyá, ó ní ọ̀rọ̀ náà ni kì í jẹ́ kí ẹ lè pa mí. Orí mi wú. Apá kẹwàá ni Frieren àti Aura ti yanjú ọ̀rọ̀ wọn, Aura ànjọ̀nnú tó ní òṣùwọ̀n tí ń fi agbára ẹni méjì wéra, tí ẹni tí agbára rẹ̀ kéré yóò sì di ẹrú èkejì. Mi ò ní sọ bó ṣe parí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni Frieren fi múra rẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tí kò dùn mọ́ mi ni ìdánwò àwọn onídán, láti apá 18 lọ títí dé òpin. Orúkọ pọ̀ jù, wọ́n kó èèyàn dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Stark tí mo fẹ́ràn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má níṣẹ́ níbẹ̀. Stark ni jagunjagun tó ń bá Frieren àti Fern rìn, tí ara rẹ̀ máa ń gbọ̀n tí ẹ̀rù bá bà á, tí kì í sì í sá. Baba àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Denken ló gba apá wọ̀nyẹn là lójú tèmi. Agbára idán tán lára rẹ̀ láàárín ìdíje, ó káwọ́ aṣọ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ẹ̀ṣẹ́. Sàréè ìyàwó rẹ̀ ni baba yẹn fẹ́ lọ kí tó fi ń ṣe ìdánwò.

Ní ti ìyàwó rẹ. Ìyàwó tèmi ò lè wo Attack on Titan kọjá ibi tí òmìrán ti gbé ìyá ọmọ náà jẹ, ó dìde lọ sùn. Fern ló fà á mọ́ Frieren. Fern ni ọmọ òrukàn tí Heiter tọ́, tí Frieren wá ń kọ́ níṣẹ́, àmọ́ bí o bá wò wọ́n, ọmọ ni ìyá. Òun ló ń jí ọ̀gá rẹ̀ lówùúrọ̀, òun ló ń wọṣọ fún un, òun ló ń fà á lẹ́sẹ̀ jáde nígbà tó bá tún ti kó orí sínú àpótí tí kì í ṣe àpótí, tó jẹ́ ẹranko tó la ẹnu dè é. Frieren á máa ké nínú rẹ̀ pé ó ṣókùnkùn, ó ń bani lẹ́rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á máa ta pàpà níta. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí, ó ní ilé wa nìyẹn. Nígbà tí wọ́n wá ní kí Fern mú idán èyíkéyìí tó bá wù ú lẹ́yìn tó yege, tó ní èyí tí ń fọ aṣọ mọ́ tónítóní lòun fẹ́, ó pàtẹ́wọ́ fún un.

Ohùn Japan ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wò ó, kí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. Atsumi Tanezaki tó ń sọ̀rọ̀ fún Frieren náà ló ń ṣe ohùn ọmọdé Anya nínú Spy × Family, o ò ní gbàgbọ́ pé ẹnì kan ni. Bí kíkà bá sú ìyàwó rẹ, ti Gẹ̀ẹ́sì náà kò burú. Dátà wọ́n, mo mọ̀, ṣùgbọ́n má torí ìyẹn wo èyí tí àwòrán rẹ̀ ti bàjẹ́ lórí fóònù kékeré. Wà á sílẹ̀ níbi tí Wi-Fi bá wà, kí o so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kí o sì jẹ́ kí orin tí Evan Call kọ fún eré náà máa dún dáadáa.

Ọmọ yín lè bá yín wo ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Láti apá keje dé ìkẹwàá, kí ìwọ kọ́kọ́ dá wò ó ná, torí Aura ń kó ọmọ ogun tí wọ́n ti bẹ́ lórí kiri, ẹ̀jẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ìpín kejì ti bẹ̀rẹ̀ láti January 2026, àmọ́ ẹ parí 28 àkọ́kọ́ ná kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.