Èsì: Iná ìgbẹ́ lẹ́bàá oko kòkó ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àníyàn oko. Ẹ béèrè nípa ààlà tí ẹ fẹ́ là kí iná ìgbẹ́ má baà ran oko kòkó yín. Ẹ má dúró de ọyẹ́ kí ẹ tó là á. Kí oṣù Kejìlá tó wọlé, ẹ ro àárín oko yín àti ìgbẹ́ aládùúgbò, kí ẹ sì gbá ewé gbígbẹ kúrò títí erùpẹ̀ yóò fi hàn, nítorí pé ewé kòkó tó bo ilẹ̀ lè gbé iná kọjá lábẹ́ igi kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Kí ààlà náà fẹ̀ tó ìlọ́po méjì gíga koríko tó wà lẹ́bàá rẹ̀, ó kéré tán. Èyí tó bí atẹ́gùn bá rọlẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́ gidi, ewé tó ń jó yóò fò ó kọjá.

Ìdí nìyí tí àdéhùn fi ṣe pàtàkì lójú mi ju ààlà lọ. Ẹ bẹ baálẹ̀ kí ó pe ìpàdé, kí gbogbo yín lè fohùn ṣọ̀kan lórí èyí:

1. Ẹni tó bá fẹ́ sun oko gbọ́dọ̀ kéde ọjọ́ rẹ̀ fún gbogbo abúlé.
2. Kò gbọdọ̀ fi iná sílẹ̀ lọ. Kùkùté ọ̀pẹ tó jọ pé ó ti kú ṣì lè máa jó nínú títí di ọjọ́ kejì, nítorí náà, ẹ da omi sí i dáadáa títí iná inú rẹ̀ yóò fi kú pátápátá.

Bí iná bá ti sá mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ kó àwọn ọmọdé àti àgbàlagbà kúrò ná, kí ẹ sì pe 112.