Ta ló ya àwòrán ML42, àpótí onígi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti ilẹ̀ Denmark?

Mogens Lassen, ayàwòrán ilé ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló ya àwòrán àpótí ML42 ní ọdún 1942. Inú orúkọ àpótí náà gan-an ni ìdáhùn wà: ML dúró fún orúkọ rẹ̀, 42 sì dúró fún ọdún náà. Ọdún 1901 ni wọ́n bí Lassen, ó sì kú ní 1987.

Àpótí tí àwọn aránbàtà ayé àtijọ́ máa ń jókòó lé ló wò ṣe é. Ojú rẹ̀ kì í ṣe pẹrẹsẹ. Wọ́n gbẹ́ igi náà wọnú kí ìdí ẹni lè bá a mu, ibẹ̀ sì ni ẹwà iṣẹ́ náà wà jù lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó ní kì í ṣe fún ọ̀ṣọ́ nìkan. Àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin máa ń mì lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í mì, bí ààrò mẹ́ta kì í ti í da ọbẹ̀ nù. Àmọ́ bí èèyàn bá fì jù sí àárín ẹsẹ̀ méjì, ó lè tètè ṣubú.

Bí ojú àpótí tí ẹ rí bá jẹ́ okùn bébà híhun, ML42 kọ́ nìyẹn. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ Hans J. Wegner, ọmọ Denmark mìíràn, tí bàbá tirẹ̀ jẹ́ aránbàtà ní ìlú Tønder.