Kí kọnsọ́tántì tó wọlé: ohun tó yẹ kó wà nínú àdéhùn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí ẹ béèrè ni bí àjọ ìjọba ṣe lè gba ilé-iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn (kọnsọ́tántì) láti bá a ṣàtúnṣe iṣẹ́, kó má baà parí sí ìwé ńlá tó ń kó eruku. Inú àdéhùn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dára tàbí bàjẹ́. Tó bá jẹ́ ìwé lẹ ń sanwó fún, ìwé náà lẹ máa rí gbà.

Ẹ fọwọ́ ara yín kọ TOR, ìyẹn ìwé tó sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí kọnsọ́tántì ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ du iṣẹ́ náà bá yín kọ ọ́, kódà kí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Ní South Africa, ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Nugent lórí àjọ agbowó-orí SARS fi hàn lọ́dún 2018 pé ọ̀gá ilé-iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn Bain ní orílẹ̀-èdè náà ti ń bá ẹni tó padà di ọ̀gá SARS ṣèpàdé kí ọ̀rọ̀ tẹ́ńdà tó wáyé. Àtúntò tó tẹ̀lé e ṣe àjọ náà léṣe gan-an, Bain sì dá owó iṣẹ́ náà padà.

Àpò ìwé méjì ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń du iṣẹ́ náà, ọ̀kan fún bí wọ́n ṣe máa ṣiṣẹ́, ọ̀kan fún iye owó. Ẹ má tú ti owó títí ẹ ó fi parí máàkì ti àkọ́kọ́. Nínú máàkì 100, 80 fún bí wọ́n ṣe máa ṣiṣẹ́, 20 fún owó, dára fún irú iṣẹ́ yìí. Kí máàkì tó pọ̀ jù wà lórí àwọn èèyàn tó ń bọ̀. Àgbà ọ̀jẹ̀ ló máa ń wá sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ tó ń yan ilé-iṣẹ́; tí iṣẹ́ bá ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì lẹ máa rí. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ àwọn tó máa ṣe iṣẹ́ náà àti iye ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa lò lọ́fíìsì yín sínú àdéhùn. Wọn ò gbọdọ̀ pààrọ̀ ẹnikẹ́ni láìsí ìwé àṣẹ yín, ẹni tó bá rọ́pò kò sì gbọdọ̀ kéré sí ẹni tó lọ.

Tí wọ́n bá dé, ẹ má gba àwòrán ọfà àti àpótí tó kàn ń fi bí iṣẹ́ ṣe ń lọ hàn gẹ́gẹ́ bí ìwádìí. Kí wọ́n mú fáìlì 30 tó parí lọ́dún tó kọjá, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé orí tábìlì kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ lè rí fáìlì tó jókòó ọjọ́ mọ́kànlá nítorí ìbuwọ́lù tí kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ wá béèrè pé ìlànà wo ló ní kí ẹni yẹn buwọ́ lù ú. Ibí ni àtúnṣe ti ń kú jù. Kọnsọ́tántì á ní kí ẹ dín ìbuwọ́lù méje kù sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìlànà ìnáwó ṣì béèrè méje. Òṣìṣẹ́ wo ló máa gbà kí àwọn ọ̀dítọ̀ wá bi í léèrè nítorí ìmọ̀ràn ẹlòmíì? Kí gbogbo ìmọ̀ràn bá ìwé àṣẹ tuntun rìn, tí wọ́n ti kọ tán, tó ku kí ọ̀gá buwọ́ lù.

Tó bá kan owó-oṣù, ẹ ní sùúrù gan-an. Ẹ kọ́kọ́ fi fáìlì òṣìṣẹ́, ìwé owó-oṣù àti àkáǹtì báńkì wé ara wọn. Kì í ṣe gbogbo orúkọ tí kò bára mu ni ti òṣìṣẹ́ ayédèrú. Ọ̀pọ̀ jẹ́ orúkọ ọkọ tàbí orúkọ tí wọ́n kọ sódì. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ètò owó-oṣù àtijọ́ àti tuntun jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ wá ìdí gbogbo ìyàtọ̀ rí. Ní Kánádà, wọn ò ṣe ìdánwò tó yẹ fún Phoenix, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń san owó-oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n tó gbé e jáde lọ́dún 2016, wọ́n yọ iṣẹ́ tó lé ní 100 kúrò nínú ohun tó yẹ kó lè ṣe, wọ́n sì ti dín àwọn tó mọ owó-oṣù ṣírò kù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni owó wọn dàrú.

Owó sísan wá ńkọ́? Ìdá 10 nínú 100 owó iṣẹ́ náà fún ìjábọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tó. Ẹ di ìdá 30 nínú 100 mú títí àwọn òṣìṣẹ́ yín á fi fọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ náà fún oṣù mẹ́ta, tí kọnsọ́tántì kàn ń wò wọ́n. Kí dátà, ọ̀rọ̀ aṣínà àgbà àti kóòdù wà lórúkọ àjọ láti ọjọ́ kìíní.

Ẹ tún yan òṣìṣẹ́ yín mẹ́ta tí àwọn àti kọnsọ́tántì á jọ máa ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nínú lẹ́tà tí ọ̀gá àgbà buwọ́ lù, kí ẹ sì gba iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀ fún ẹlòmíì. Tí àjọ yín ò bá tíì lè yọ ẹni mẹ́ta sílẹ̀, ẹ sún tẹ́ńdà náà síwájú.