Igbó Tó Wà Lábẹ́ Koríko: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ilẹ̀ Oko

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní agbègbè Ìbàràpá. Nígbà tí ẹbí pín ilẹ̀ bàbá wa, éékà 9 ló kàn mí. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ti ń gbìn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ilẹ̀ fi ṣá, àwọn tó ń sun èédú sì ti gé àwọn igi ńlá ibẹ̀, ó ku igi ìgbá méjì àti emi kan ṣoṣo. Ewé Akíntọ́lá ló bo gbogbo rẹ̀ báyìí. Mo fẹ́ kí éékà 5 nínú rẹ̀ padà di igbó bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí àparò, ìgalà àti ọ̀kẹ́rẹ́ lè rí ibi gbé. Ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n pe katakata wá kí ó wó gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí n tó ra igi gbìn sí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, Tíṣà, ẹ má pe katakata o. Igbó tí ẹ ń wá kò tíì kúrò lórí ilẹ̀ náà, abẹ́ ewé Akíntọ́lá ló sá sí. Ẹ mú àdá lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ wọ inú rẹ̀ lọ, kí ẹ máa fi ọwọ́ ya ewé sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ sì máa wo ilẹ̀ dáadáa. Kùkùté ni ẹ ó máa bá pàdé. Mo ti kúnlẹ̀ ti kùkùté igi ápá kan rí ní Òkè-Ògùn, tí àwọn tó ń sun èédú ti gé débi pé kò ga ju orúnkún lọ, tí iná sì ti jó èèpo rẹ̀ dúdú ní apá kan. Èéhù 11 ni mo kà lára rẹ̀, òmíràn kò ju ìka lọ, méjì nínú wọn sì ti ga ju èmi fúnra mi lọ. Gbòǹgbò tó ń bọ́ àwọn èéhù wọ̀nyẹn ti wà nínú ilẹ̀ kí a tó bí ẹni tó gé igi náà, ó sì mọ ibi tí omi wà. Irúgbìn tí a rà nínú ọ̀rá kò ní ju gbòǹgbò gígùn àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó di dandan kí a máa bomi rin ín, àwọn mìíràn yóò sì kú ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́. Gbòǹgbò àtijọ́ yìí gan-an ni katakata yóò hú dànù, tí yóò sì tún gbá ilẹ̀ ọlọ́ràá tó kù lókè jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Iṣẹ́ tó wà níwájú yín kò le, sùúrù ló gbà. Lára kùkùté kọ̀ọ̀kan, ẹ yan èéhù méjì tàbí mẹ́ta tó lágbára jù, tó sì dúró ṣánṣán, kí ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé ìyókù kúrò, kí ẹ sì gé àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kúrò lára èyí tí ẹ fi sílẹ̀, kí agbára rẹ̀ lè gba òkè lọ. Ní ọdún kejì, ẹ dín in kù sí ẹyọ kan tàbí méjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Nìjẹ̀r bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní agbègbè Maradi láti nǹkan bí ọdún 1983, lẹ́yìn tí igi tí wọ́n ń gbìn lọ́dọọdún ti ń kú lójú wọn, ilẹ̀ tí igi sì ti padà hù sí lọ́nà yìí lọ́hùn-ún ti lé ní mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà. Òjò wọn kò tó ìdajì òjò Ìbàràpá. Bí ó bá ṣeé ṣe fún wọn nínú yanrìn, kò yẹ kí a máa ṣiyèméjì nípa tiyín.

Ó kan ewé Akíntọ́lá wàyí, èyí tí àwọn ibòmíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Àlejò ni, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, kò sì tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó gbalẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ohun méjì ni kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé atẹ́gùn ló ń gbé èso rẹ̀ kiri, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń tanná, nítorí náà àdá tí ẹ bá fi kàn án ní oṣù kẹwàá, kí òdòdó rẹ̀ tó yọ, yóò ṣe iṣẹ́ tí àdá oṣù kejì kò lè ṣe láéláé. Èkejì, tí mo kà sí pàtàkì jù, ni pé kò lè fara da òjìji. Ẹ kò nílò láti pa gbogbo rẹ̀ run. Ẹ ṣán an yí èéhù kọ̀ọ̀kan ká ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ méjì, ẹ̀ẹ̀mejì nínú òjò, ẹ̀ẹ̀kan kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, kí ẹ sì tẹ́ ewé tí ẹ gé náà sí ìdí igi kí ilẹ̀ ibẹ̀ má baà gbẹ. Lọ́jọ́ tí orí àwọn igi bá pàdé ara wọn, Akíntọ́lá abẹ́ wọn yóò rọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí ẹ óò máa gbìn sí éékà 4 tó kù yóò jàǹfààní nínú èyí pẹ̀lú, nítorí pé abẹ́ òjìji Akíntọ́lá ni àwọn tata aláwọ̀ mèremère tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn fẹ́ràn láti máa yé ẹyin wọn sínú ilẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fín oògùn apakoríko sí i. Oògùn yẹn kò mọ Akíntọ́lá yàtọ̀ sí ọmọ ápá.

Iná ló lè ba gbogbo làálàá yìí jẹ́ ní ọ̀sán kan ṣoṣo. Ewé Akíntọ́lá máa ń jó wìì bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ sí i lára, iná tó bá sì ti ara rẹ̀ dìde lágbára ju iná koríko lásán lọ. Kí oṣù kọkànlá tó parí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ́ ro ọ̀nà kan yí éékà 5 náà ká, kí ó fẹ̀ tó ìgbésẹ̀ 10, kí ilẹ̀ rẹ̀ dá ṣáká, láìsí ewé gbígbẹ kankan tí iná lè gbà kọjá. Ẹ pe àwọn tó ní oko yí yín ká, ẹ pe àwọn ọdẹ àti àwọn darandaran tó ń gba ibẹ̀ kọjá, kí ẹ mú wọn rìn yí ààlà náà po, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ń ṣe fún wọn. Ìpàdé yẹn ṣe pàtàkì tó ọ̀nà iná fúnra rẹ̀. Láti ọwọ́ ọdẹ tó ń wá òkété ni iná pápá ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ọdẹ tí ẹ bá sì ti bá sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni yóò kọ́kọ́ sáré wá bá yín pa á.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìgbá méjì àti emi yẹn. Nígbà tí ìgbá bá tanná, tí òdòdó pupa rẹ̀ rọ̀ bí agogo, òru ni òdòdó náà ń là, àdán ló sì ń wá mu oje inú rẹ̀ tó ń mú kí ó so. Àdán kan náà ló ń jẹ èso ìrókò, tó sì ń gbé e fò lọ síbi tó jìnnà kí ó tó ya á dànù. Àwọn ènìyàn wa kórìíra àdán, wọ́n ń sọ òkò lù ú nítorí pé ó ń dorí kodò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó gbin ìrókò tó àdán ní ilẹ̀ yìí. Ẹ lọ wo ilẹ̀ abẹ́ emi yín nígbà òjò: láàárín ìgbẹ́ ẹyẹ, ẹ óò rí ọmọ igi kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Nítorí náà, ní àwọn àlàfo tí kò ti sí kùkùté kankan, àwọn igi tí ẹyẹ àti àdán fẹ́ràn èso wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn, ìyeyè, òrúwọ àti ọ̀pọ̀tọ́, kí ẹyẹ lè ní ibi tí yóò bà sí. Ìyeyè kò nílò irúgbìn rárá, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ tó nípọn bí ọwọ́, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni akòko àti pèrègún, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ tò sí gbogbo ààlà, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò rí ìlà pèrègún ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní mọ̀ pé ilẹ̀ náà ní olúwa.

Bí ẹ bá fẹ́ gbin ìrókò, ẹ má gbìn ín pọ̀ lójú kan nínú oòrùn gbangba. Kòkòrò kan wà tó máa ń wọ ọ̀jẹ̀lẹ́ rẹ̀, tí yóò mú un wú kókó, tí orí ọmọ igi náà yóò sì jẹrà. Àárín àwọn igi mìíràn, nínú òjìji díẹ̀, ló ti máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí igi kan bá sì kú lórí ìdúró, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: inú rẹ̀ ni àkókó yóò gbẹ́ ihò sí, òwìwí tàbí ọ̀kẹ́rẹ́ yóò sì jogún ihò náà lẹ́yìn rẹ̀.

Àparò, òkété àti ọ̀yà ni yóò kọ́kọ́ dé, kò ní pẹ́. Ìgalà yóò pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ibi tó ṣú dáadáa, tó sì súnmọ́ omi, ló ń wá, kò sì ní dúró rárá bí pàkúté bá wà níbẹ̀. Ẹ bá olórí ọdẹ ìlú yín sọ ọ́ kí éékà 5 náà di ibi tí a kò ti ń dẹ pàkúté. Ẹran tó bá bímọ síbẹ̀ yóò jáde sí igbó àwọn ọdẹ náà ní ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ yìí sì yé ọdẹ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Àkùrọ̀ ni mo ti ń gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ilá, ní ẹ̀bá odò kékeré kan nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọkọ mi ṣán gbogbo igbó etí odò náà dé ojú omi kí oko lè fẹ̀. Láti ìgbà náà ni omi ti ń pọ́n bí ẹrẹ̀, etí odò ń ya wọlé, ìgbín àti akàn tí a máa ń ṣà kò sì sí mọ́. Kí la lè ṣe tí oko wa kò fi ní kéré jù?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ àkùrọ̀, ìyá wa. Gbòǹgbò igi tí ọkọ yín ṣán ló di etí odò náà mú tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá dá ìgbésẹ̀ 15 padà fún igbó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, yóò dàbí ẹni pé ẹ pàdánù ebè díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ka iye ebè tí omi ti gbé lọ láti ìgbà náà, kí ẹ fi méjèèjì wéra fún bàálé yín. Ẹ má ro ibẹ̀ mọ́. Ẹ gbin ògùrọ̀ àti ọ̀pọ̀tọ́ sí ibi tó ti ya jù, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyókù hù fúnra rẹ̀. Igi tó bá wó àti ewé tó bá rẹ̀ síbẹ̀, ẹ má kó wọn sun, nítorí pé inú ewé tútù tó ń jẹrà ni ìgbín ń gbé tó sì ń yé sí, kò lè gbé orí ilẹ̀ tí oòrùn ń pa.

Ẹ wádìí pẹ̀lú bóyá ẹnìkan ń da Gámálìn sínú odò náà lókè láti fi pa ẹja. Ó dùn mí gan-an láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n àṣà náà ṣì wà. Oògùn tó ń pa ẹja yẹn ń pa akàn, ó ń pa ọ̀pọ̀lọ́, àwọn ọmọ tó ń mu omi ní ìsàlẹ̀ sì ń mu nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí baálẹ̀ gbọ́dọ̀ dá sí ni. Ẹ má ṣe fọ agolo tí ẹ fi ń fín oògùn oko yín nínú odò náà pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé. Mo fẹ́ ra ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kí n gbin tíìkì kún un, kí ó lè jẹ́ igbó fún àwọn ẹranko, kí ó sì mú owó wá lẹ́yìn ogún ọdún. Ṣé èrò yìí dára?

Ìdáhùn: Ó dára fún owó. Igi ilẹ̀ Éṣíà ni tíìkì, àwọn ẹranko wa kò mọ èso rẹ̀ sí oúnjẹ. Ẹ wọ inú oko tíìkì kan ní oṣù kejì: ewé gbígbẹ yóò máa ké pàpà lábẹ́ bàtà yín, ẹ kò ní gbọ́ ohùn ẹyẹ kan, ẹyọ ìṣáná kan sì tó láti jó gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ méjèèjì, ẹ pín ilẹ̀ náà, kí ẹ gbin tíìkì sí apá tó ti di oko ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹ má ṣán igbó kankan nítorí rẹ̀. Ní apá kejì, afàrà, ìdígbó, arère àti ọ̀gànwó ni kí ẹ dà pọ̀ mọ́ ohun tó bá ti wà nílẹ̀. Igi pákó ni gbogbo wọn, ilẹ̀ yìí ló sì bí wọn.

Nígbà tí ẹ bá wá sílé, ẹ yà sí IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, níbi tí igbó tó tó hẹ́kítà 350 wà láàárín ọgbà ìwádìí wọn, tí wọ́n sì ń tọ́jú irúgbìn igi ìbílẹ̀. Ẹ̀yà ẹ̀gà dúdú kan wà nínú igbó yẹn, tí orí akọ rẹ̀ pupa bí osùn, tí kò sí níbikíbi láyé àyàfi ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan lórí ilẹ̀ Ògùn náà, ẹ bẹ ọdẹ kan ní abúlé ibẹ̀ kí ó mú yín wọ inú rẹ̀, kí ó máa pe orúkọ igi kọ̀ọ̀kan fún yín, kí ẹ sì kọ wọ́n sínú ìwé. Ìwé yẹn ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, a ó fi sọ fún yín apá ibi tó yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.